Bí a ṣe lè máa ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ká máa gbé Ìkòròdú, kí àwọn ọmọ ṣì mọ̀ wá lójú

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ Sátidé kan, mo gbé àbíkẹ́yìn mi pé kí n wẹ̀ fún un, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn, ló bá figbe ta, ó ń nawọ́ sí àǹtí tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀, ó ń pè é ní "Màmá". Àǹtí yẹn ò ṣe nǹkan burúkú kankan o, ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú, èmi gan-an lọmọ ò mọ̀. Aago 5 ìdájí ni mo máa ń jáde nílé, aago 7 àábọ̀ alẹ́ ni mò ń wọlé, nígbà míì ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ á ti sùn kí n tó dé, kò ní tíì jí kí n tó jáde, tá a bá wá rò ó dáadáa, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ló ń rí mi, ọjọ́ méjèèjì yẹn náà sì rèé, òde ìnáwó, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wọ yàrá lọ lọ́jọ́ náà, mo sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni gbogbo nǹkan tá a yí padà nílé wa látìgbà yẹn, bá a ṣe tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá wà nínú irú ẹ̀ lè rí mú lò níbẹ̀. Mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀, torí owó ilé àti owó iléèwé ò gbà fún un, a ò sì kó kúrò ní Ìkòròdú. Wákàtí 24 náà ṣì ni Ọlọ́run fún wa. Nǹkan tá a yí padà ni iṣẹ́ tá à ń kó sínú ìwọ̀nba àkókò tá a bá fi wà nílé, a kó o kúrò níbẹ̀, a wá àyè míì fún un, a sì fi àyè yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ẹ mú ìwé kan, ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ náà á ṣe é, látọjọ́ Mọ́ńdè títí dé Sọ́ńdè kẹ́ ẹ máa kọ aago tẹ́ ẹ jí, aago tẹ́ ẹ jáde, aago tẹ́ ẹ wọlé, àti ohun tẹ́ ẹ fi gbogbo ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìgbà tẹ́ ẹ wọlé sígbà táwọn ọmọ sùn ṣe. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa kà á yàtọ̀ sí yín.

Tèmi rèé. Aago 7 àábọ̀ ni mò ń wọlé, aago 9 làwọn méjì tó dàgbà ń sùn, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Ìdáná ń gba 50 nínú ẹ̀. Aṣọ iléèwé ọjọ́ kejì, wíwá ìbọ̀sẹ̀, lílọ aṣọ tí iná bá wà, ìṣẹ́jú 15. Fóònù, pàápàá mẹ́sééjì ọ́fíìsì tó ń wọlé lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá mi rò ó pọ̀. Ìṣẹ́jú 5 ló kù fún ọmọ mẹ́ta, nínú ìṣẹ́jú 5 yẹn náà, "ẹ lọ sùn jàre, ilẹ̀ ti ṣú" ni mo máa ń sọ jù. Ìgbà tí mo rí i nínú ìwé ni mo tó gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé ọ̀nà nìkan ló ń gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́nà wa ẹ ò nílò àlàyé: Ògólóǹtò, Májídun, Owódé, Máìlì 12, Kẹ́tu, Ọjọ́ta, títí dé CMS ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́jọ́ tó bá dáa, wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tàbí tí tírélà bá ṣubú. A ò lè tún ọ̀nà ṣe ṣùgbọ́n a lè yan ohun tá a máa wọ̀. Bọ́ọ̀sì BRT ni mo fara mọ́, torí ó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, látọdún 2008 ló ti ń ná Máìlì 12 sí Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì fà á dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, nígbà tí dáńfó bá dúró gbagidi sójú kan, òun á rọra máa lọ. Ẹ ti máa fi owó sínú káàdì Cowry tẹ́ ẹ fi ń sanwó ọkọ̀ láti Sọ́ńdè, kẹ́ ẹ má lọ tò sórí ìlà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Àwọn tó ń gbé apá Agbádó, Ìjú, Agége, rélùwéè Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó dé Òyìngbò látoṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ará Máìlì 2 náà ní Blue Line tó ń lọ tààrà sí Marina láti 2023. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ilé tuntun, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà ẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kì í ṣe ọ̀sán Sọ́ńdè tí agent máa fi mú yín lọ.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù sí mi nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ohun tá à ń fi inú ọkọ̀ ṣe. Lílọ, oorun ni mò ń sùn, mi ò jà á níyàn, oorun yẹn ló jẹ́ kí n lè dúró lálẹ́. Bíbọ̀, inú ọkọ̀ ni mo ti ń parí gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ fóònù: ẹni tó pè mí tí mi ò gbé e, mẹ́sééjì ọ̀gá, gúrúùpù àwọn òbí iléèwé, gúrúùpù ẹbí, owó àjọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ má jókòó ti fèrèsé ṣe é o, àwọn ajáfóònù gbà ò jìnnà síbi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Tí bọ́ọ̀sì bá ti dé Agric, mo ti sọ fún gbogbo wọn pé "ó di àárọ̀ ọ̀la", fóònù á wọ báàgì. Ìṣẹ́jú 20 tó ń lọ sí fóònù nílé tẹ́lẹ̀, inú ọkọ̀ ló ń parí sí báyìí, kò sẹ́nì kankan lọ́fíìsì tó tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilé ìdáná, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Ìṣẹ́jú 50 yẹn, ata ló ń jẹ ẹ́. Ata lílọ̀, ata sísè, ata dídín, gbogbo ẹ̀ lálaalẹ́, nígbà tá a lè ṣe tọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bá a ṣe ń ṣe tiwa rèé.

Lọ́jọ́ Fúráìdè tàbí ìdájí Sátidé, èmi àti ìyá ìbejì tó wà ní fláàtì kejì la jọ ń ra tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan ní Máìlì 12, torí ibẹ̀ làwọn tírélà tó ń bọ̀ láti òkè ọya ti ń já ẹrù, owó ẹ̀ dínkù gan-an sí ká máa rà á níwọ̀n-níwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, a wá pín in sí méjì. Ẹ ra tàtàṣé dáadáa sí i, èmi máa ń jẹ́ kí tàtàṣé tó tòmátì torí tòmátì lómi jù, ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á, àlùbọ́sà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ hóró tàtàṣé, ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ dà á sínú ìkòkò ńlá, ẹ má dé e, ẹ má bu iyọ̀ sí i o, ẹ jẹ́ kó máa hó títí omi ẹ̀ á fi gbẹ tán, tó bá ti ń ta pẹ́pẹ́ sókè, tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí là á láàárín tí kò tètè pa dà pàdé, ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n sínú nylon, ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí nylon kan, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó tó wọ fírísà, èyí tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ máa ń tètè dì, ó sì máa ń tètè yọ́ lálẹ́. Ẹ kọ déètì sí i lára.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé "iná dà?" Òótọ́ ni. Tí iná àdúgbò yín ò bá ṣe é gbọ́kàn lé, ẹ má to ata oṣù kan sí fírísà, ti ọ̀sẹ̀ kan náà ti tó, ẹ kó àwọn nylon náà jọ sójú kan kí wọ́n fara ti ara wọn, ẹ kún àyè tó ṣófo pẹ̀lú ike omi dídì, ẹ má sì máa ṣí fírísà láìnídìí. Ẹni tí ò ní fírísà rárá, ẹ fi òróró tó pọ̀ dín ata tẹ́ ẹ ti sè gbẹ yẹn títí òróró á fi léfòó sójú ẹ̀, ẹ máa gbé e kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́, ìyẹn á gbé yín dé ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà, ẹ já a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi ẹ̀ dànù, ẹ pín in sínú nylon. Ẹran, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí, tí mo bá wọlé lálẹ́, ìṣẹ́jú 15 ni ẹ̀fọ́ rírò ń gbà lọ́wọ́ mi, nígbà míì mi ò tiẹ̀ dáná rárá, torí ọmọ mi àgbà ti ro ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀wà rèé, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀wà. Sátidé la máa ń ṣà á, ìdílé ló ń ṣà á, a máa tú u sórí trè ńlá nílẹ̀, gbogbo wa á jókòó yí i ká, mo máa wá bi wọ́n: òrúkú tindí-tindí, òrúkú tindì-tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kí ni o? Ọdún kìíní, wọ́n wò mí títí, wọn ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tó lé tìróò yẹn ló wà níwájú wọn. Ní báyìí, àwọn ló ń bi èmi. Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́: ọmọrogùn ni. Iṣẹ́ ẹ̀wà ṣíṣà tí mo máa ń fi aago 10 alẹ́ ṣe lémi nìkan tẹ́lẹ̀ ló di èyí táwọn ọmọ ń bèèrè pé ìgbà wo la tún máa ṣà á.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má se ìrẹsì láàárọ̀ kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ nínú ooru títí di alẹ́ pé àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ tí wọ́n bá dé. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí iná ò pa tán, tí ìrẹsì bá wà nínú ooru fún wákàtí púpọ̀ á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú ẹ̀, gbígbé e gbóná lẹ́ẹ̀kejì ò sì ní mú májèlé yẹn kúrò. Ẹ fi sínú flask tó ń mú nǹkan gbóná dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ tètè gbé e sínú fíríìjì.

Aṣọ iléèwé: gbogbo márààrún ni kẹ́ ẹ lọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìgbà tí iná bá wà tàbí tẹ́ ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ Sọ́ńdè, ẹ gbé e kọ́ ní tọjọ́-tọjọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Ó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni tó ń dúró ti àwọn ọmọ

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bọpo bọyọ̀. Ẹ má lọ mú ọmọ ọdún 12 wá láti abúlé pé kó wá máa tọ́jú ọmọ yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó náà sọ di òfin tiẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba ká gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, ọmọ lòun náà, òun náà ṣì nílò ẹni tó máa bi í pé ṣó ti jẹun. Ẹ gba àgbàlagbà, ẹ san owó tó tọ́ fún un, ẹ mọ ilé ẹ̀, ẹ mọ ẹni tó dúró fún un, ẹ fún un lọ́jọ́ ìsinmi.

Tó bá jẹ́ kréèṣì lẹ fẹ́, ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán tí wọ́n máa ń sùn. Ẹ wo ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ẹ gbóòórùn ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan, báwo lẹ ṣe mọ ẹni tó wá mú ọmọ, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ gbà láyè sílẹ̀ fún wọn, kò sí "mo jẹ́ àbúrò bàbá ẹ̀" kankan. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ara ògiri ilé: ti bàbá, ti ìyá, ti aládùúgbò kan, ti ọsibítù, àti 767 tàbí 112 tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó.

Tó bá sì jẹ́ ìyá àgbà ló ń bá yín mójú tó wọn, Ọlọ́run ló ṣe é fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìyá àgbà di ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ti tọ́ tiwọn. Ẹ máa bi wọ́n pé "ṣé ó rẹ̀ yín, Mà?", ẹ máa fún wọn lówó ọwọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì tó bá wù wọ́n, tí wọ́n bá sì fún ọmọ ní nǹkan tẹ́ ò fẹ́, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́, ẹ má sọ ọ́ lójú ọmọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pín iṣẹ́ ilé, kẹ́ ẹ pín in tán

Bàbá àwọn ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Sábó, aago 9 ló ń ṣí i. Síbẹ̀ èmi tí mò ń jáde ní aago 5 ni mò ń jí ní aago 3 àábọ̀ se oúnjẹ àárọ̀, torí bá a ṣe bá a nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kankan. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé "ọkọ mi máa ń bá mi ṣe é" tó bá wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Bá mi ṣe kí ni? Ọmọ ta ni?

Ìwé tí mo kọ wákàtí sí yẹn ni mo gbé síwájú ẹ̀. Mi ò bínú, mi ò pariwo, mo kàn ní, "Daddy, ẹ wo bí ọjọ́ mi ṣe rí." Ó wò ó pẹ́. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, kí ẹni náà ṣe é tibi tòkè láìjẹ́ pé ẹnì kejì ń rán an létí. Àárọ̀ di tiẹ̀: jíjí wọn, wíwẹ̀, oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ iléèwé, gbígbé wọn débẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá náà di tiẹ̀, torí ó ti wà nílé kí n tó dé. Alẹ́ di tèmi. Sátidé di ti gbogbo wa. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣòro fún mi kí n má sọ̀rọ̀ tó bá fi ìbọ̀sẹ̀ méjì tí ò bára mu sí ọmọ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá ń tún gbogbo ohun tó ṣe ṣe lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ yín ló máa pa dà sí. Ní báyìí, òun ló ń dì irun kékeré fún àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ tó bá tú, tó sì dáa.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè kó bàtà jọ, kó ká ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fọ abọ́, gbálẹ̀, kó ṣà ẹ̀wà. Ọmọ ọdún 11 lè ro ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ti ṣe sílẹ̀ tí àgbàlagbà bá wà nítòsí. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀, obìnrin bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin mi ló ń fọ abọ́ alẹ́ nílé wa, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin kì í fọ̀ ọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ́fíìsì

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó oṣù mẹ́fà, owó oṣù ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì nígbà yẹn. Òfin kan náà ló ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn máa gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú àkókò iṣẹ́ láti fún ọmọ lọ́yàn, ọ̀pọ̀ wa ò mọ èyí rárá. Ọ̀sẹ̀ 16 ni tàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin bàbá náà, tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 14 wà fún yín níbi tí ìyàwó bá bímọ, ẹ lọ gbà á, kẹ́ ẹ sì lò ó nílé, kì í ṣe fún iṣẹ́ míì.

Ìyá tó ń fún wàrà sílẹ̀ kó tó lọ síṣẹ́: wákàtí mẹ́rin péré ni wàrà ọmú lè lò níta, ìyẹn níbi tó tutù díẹ̀ o, nínú ooru Èkó kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sínú kúlà kékeré tó ní yìnyín, ó lè lo ọjọ́ kan níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì. Ẹ kọ aago sí i lára, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún ni kọ́mọ kọ́kọ́ mu.

Nípa ọ̀gá, ẹ má lọ sọ pé "ọ̀gá, ilé ti fẹ́ pa mí." Ẹ bèèrè nǹkan kan pàtó tó lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. Èmi bèèrè pé kí n máa dé ní aago 7, kí n máa jáde ní aago 4 dípò aago 5, torí mo máa ń tètè dé tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ní ká fi oṣù kan dán an wò. Ọ̀gá àkọ́kọ́ kọ̀, ó ní tóun bá ṣe é fún mi gbogbo èèyàn á fẹ́ ẹ. Ọ̀gá tó gba ipò lẹ́yìn ẹ̀ gbà á fún ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Ọjọ́ méjì náà dùn mọ́ mi. Aago 6 àábọ̀ ni mò ń wọlé lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, àbíkẹ́yìn ò ní tíì sùn.

Níbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ gba kàlẹ́ńdà iléèwé, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé òbí, ọjọ́ eré ìdárayá, ọjọ́ ìdánwò, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kékeré, ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, oṣù 9 àti oṣù 15, kẹ́ ẹ fi ìsinmi ọdún yín sórí àwọn ọjọ́ yẹn kí ẹlòmíì tó gbà á. Mo pàdánù ọjọ́ eré ìdárayá ọmọkùnrin mi lẹ́ẹ̀kan torí ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ẹ̀ nínú báàgì, ó gbégbá orókè nínú eré sísá, aládùúgbò ló ya fọ́tò ẹ̀ fún mi. Mi ò ní gbàgbé ojú tó fi wò mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà méjì tí ò ṣe é fọwọ́ kàn

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ látòkè, torí èyí ni.

Àkọ́kọ́ ni àárọ̀. Kí n tó jáde, mo máa ń wọ yàrá wọn, mi ò ní tan iná, mo máa gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, màá ki wọ́n: Àjọkẹ́ mi, Àkàndé mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, màá wá fi gbólóhùn àdúrà kan tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń gbà. Níbẹ̀rẹ̀, oorun ni wọ́n ń sùn, mo rò pé wọn ò gbọ́. Àbíkẹ́yìn tó ké mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ lajú sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní, "ẹ tún un pè."

Ìkejì ni aago 8 sí aago 9 alẹ́. Fóònù èmi àti ti bàbá wọn á wọ inú dúrọ́ọ̀ kan ní kíṣìnì, tẹlifíṣọ̀n á kú, àlejò tó bá dé á jókòó gbọ́ pẹ̀lú wa. A kì í ṣe nǹkan ńlá. Màá wẹ ọmọ kékeré, àwọn tó dàgbà á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé, màá bi wọ́n pé "ta lo bá jókòó lónìí? ta ló mú inú ẹ dùn? ta ló bí ọ nínú?" torí tẹ́ ẹ bá kàn bi ọmọ pé "báwo ni iléèwé?" dáadáa nìkan ló máa sọ. Lẹ́yìn náà, àlọ́. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, èyí tí màámi pa fún mi náà ni mò ń pa fún wọn, tí mo bá gbàgbé ibì kan mo máa ń pe màámi lọ́sàn-án láti bi wọ́n. Mi ò kì í parí àlọ́ lọ́jọ́ kan, mo máa ń dá a dúró síbi tó dùn jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n sáré wẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níléèwé, wákàtí kan yìí Yorùbá la fi ń ṣe é, mo sì rí i pé orin inú àlọ́ ló ń kọ́ wọn ní èdè ju bí mo ṣe ń pariwo pé "sọ Yorùbá!" lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá dàrú

Á dàrú. Epo á wọ́n, òjò á rọ̀, ara ọmọ á gbóná ní aago 2 òru lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní ìpàdé. Ẹ ti ní ẹni méjì nílẹ̀ tẹ́ ẹ lè pè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ẹni tí wọ́n lè pè náà: mo máa ń bá ìyá ìbejì mú àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó bá ń lọ ọjà, òun ló ń bá mi mú tèmi lọ́jọ́ tí mo bá há sójú ọ̀nà. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọkọ̀ pàjáwìrì. Ara ọmọ tó bá gbóná nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọsibítù lẹ ń gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ìpàdé sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn. Mi ò fọ aṣọ lóru mọ́, aṣọ tó bá kù á dúró.

Lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ pé mi ò ní dé kí aago 9 tó lù, tí bọ́ọ̀sì dúró sí Májídun tí kò lọ tí kò bọ̀, mo máa ń pe ilé ní aago 8 géérégé, bàbá wọn á gbé fóònù sáàárín wọn, màá rọra pa àlọ́ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ látorí ìjókòó mi. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá gbà, ọmọ mi àgbà ló ń gbà á pa fáwọn àbúrò ẹ̀, lọ́jọ́ kejì á sọ ibi tó bá a dé fún mi, kí n lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.